Bí a ṣe ń ka òkun kí a tó gun ìgbì ní Tarkwa Bay

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ sétí òkun l'Éékòó, ojú ọ̀run ni wọ́n máa ń wò. Oòrùn ràn, òjò ò rọ̀, ewé àgbọn dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á ní òkun ti rọlẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Oòrùn Èkó ò mọ nǹkan kan nípa ìgbì Èkó. Ìgbì tó ń fọ́ sí yín lẹ́sẹ̀, ibi tó ti ń bọ̀ jìnnà gan-an, ìjì tó bí i ti jà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn lápá gúúsù òkun Atlantic lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti wà, ìjì ọ̀hún lè ti kú pátápátá kí ọmọ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Torí ẹ̀ ni mo fi jókòó kọ èyí, fún ẹni tó fẹ́ gun ìgbì pẹ̀lú bọ́ọ̀dù, àti fún ẹni tó kàn fẹ́ kó ọmọ lọ ṣeré nínú omi lọ́jọ́ Sátidé.

Ibi tí a ń sọ

Láti Badagry títí dé Lẹ́kkí, etí òkun wa gùn gbọọrọ ni, yanrìn lásán, kò síbi tí ilẹ̀ olókùúta ti yọ imú sínú omi. Irú imú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gun ìgbì ń pè ní point. Robertsport ní Liberia ní i, Ngor ní Dakar ní i, àwọn ará Gánà náà ní tiwọn lápá Cape Three Points. Tiwa ńkọ́? Ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Ní bí ọdún 1908 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta ńláńlá sínú òkun lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ Èkó, kí yanrìn má baà máa dí i, wọ́n ṣe ọ̀kan sápá ìlà-oòrùn, wọ́n ṣe ọ̀kan sápá ìwọ̀-oòrùn, mole ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn èyí tó wà níwọ̀-oòrùn ni Tarkwa Bay sápamọ́ sí, bóòtù la fi ń débẹ̀. Tí ẹ bá wá rékọjá sí apá kejì òkúta náà, Lighthouse Beach nìyẹn, òun dojú kọ agbami gbangba, kò sí nǹkan kan tó dá ààbò bò ó.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìgbì ṣe ń yí po òkúta, ẹ rántí bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń ṣe march past. Tí ìlà wọn bá fẹ́ yà ní kọ́nà, ọmọ tó wà nínú á máa tẹlẹ̀ lójú kan, èyí tó wà níta pátápátá á máa sáré kí ìlà má baà wọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbì ń ṣe. Apá tó bá kan ibi tí omi ò jìn á falẹ̀, apá tó wà lójú ibú á máa bá tiẹ̀ lọ, gbogbo ẹ̀ á wá tẹ̀ kọrọdọ, kò ní wó lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìkángun kan ni á ti máa fọ́ lọ sí èkejì díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wà lórí bọ́ọ̀dù á sì máa rí ojú ìgbì tó mọ́ níwájú ẹ̀ tó lè sáré sí. Níbi tó bá jẹ́ yanrìn gbọọrọ tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bíi Lighthouse, ọ̀pọ̀ ìgbà ìlà odindi ló ń wó pọ̀, gbàà, bí ìgbà tí ògiri bá ya lulẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: ẹ wo ìsàlẹ̀ ayé

Ẹ ṣí Windy tàbí Windguru lórí fóònù yín, àwọn ápù tó ń sọ bí atẹ́gùn àti ìgbì ṣe máa rí. Ẹ má tíì wo Èkó. Ẹ fa máàpù náà sísàlẹ̀, kọjá Àǹgólà, kọjá Cape Town, ẹ wo omi tó wà láàárín South Africa àti Argentina. Tí ẹ bá rí ìjì ńlá tó ń yí bírí níbẹ̀, tí atẹ́gùn ẹ̀ sì kọjú sókè sápá ọ̀dọ̀ wa, ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀.

Ìṣirò tí mo máa ń ṣe rèé, kò le. Àwọn ápù yìí máa ń kọ iye sẹ́kọ́ndù tó wà láàárín ìgbì kan sí èkejì. Ìgbì tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ndù 14, lójú ibú, agbára ẹ̀ ń rìn bíi kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ìyẹn á súnmọ́ 950 lójúmọ́. Láti ibi tí ìjì yẹn ti ń jà dé Èkó ju kìlómítà 6,000 lọ. Ẹ pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ méje. Ìgbì sẹ́kọ́ndù 18 yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọjọ́ márùn-ún ló máa gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń tan èèyàn jẹ nìyí. Torí pé àwọn tí sẹ́kọ́ndù wọn pọ̀ ló yára, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dé, wọ́n sì máa ń kéré lójú. Ẹ lè rí i lórí ápù lọ́jọ́ Thursday pé 0.6 mítà, sẹ́kọ́ndù 18, ẹ ó ní kí lèyí, ẹ ó pa fóònù dé. Ìránṣẹ́ ni ìyẹn, ọba ń bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá máa fi di Friday tàbí Sátidé, ìgbì á ti tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run á ṣì mọ́ rekete.

Alẹ́ tó ṣáájú: nọ́ńbà mẹ́ta àti atẹ́gùn

Ní báyìí ẹ lè wá wo Èkó. Nọ́ńbà mẹ́ta ni: gíga ìgbì, iye sẹ́kọ́ndù, àti ibi tó ti ń bọ̀.

Gíga nìkan ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń wò, ó sì burú. Ẹ jẹ́ ká fi méjì wéra: mítà 2 pẹ̀lú sẹ́kọ́ndù 7, àti mítà 1.5 pẹ̀lú sẹ́kọ́ndù 14. Èwo ló lágbára jù? Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fi gíga lọ́po ara ẹ̀, kí ẹ wá fi sẹ́kọ́ndù lọ́po èyí tó jáde. Ti àkọ́kọ́, 2 lọ́nà 2 lọ́nà 7, ó jẹ́ 28. Ti èkejì, 1.5 lọ́nà 1.5 lọ́nà 14, ó jẹ́ 31.5. Èyí tó kéré lójú ló lágbára jù! Kì í sì í ṣe ìyẹn nìkan, ìgbì sẹ́kọ́ndù 7 kò mọ̀ pé ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ títí tí omi fi máa kù bíi mítà 38, ti sẹ́kọ́ndù 14 ti ń fara kan ilẹ̀ láti ibi tí omi jìn tó mítà 150, torí náà òun ló máa ń tẹ̀ yí òkúta ká dáadáa wọ inú Tarkwa, òun náà ló sì máa ń dìde gíga lójijì tó bá dé ibi tí kò jìn. Ìgbì kúkúrú, atẹ́gùn tòsí ló bí i, pákáṣà-pákáṣà ló máa ń ṣe, kò ní ìlà.

Ní ti ibi tó ti ń bọ̀, dígírì ni wọ́n fi ń kọ ọ́: 180 ni gúúsù gan-an, 225 ni gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Tiwa máa ń wà láàárín méjèèjì.

Atẹ́gùn wá ni ọ̀rọ̀ tó kù, ó sì ní wákàtí tiẹ̀. Lóru, ilẹ̀ máa ń tutù ju omi lọ, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á máa ti orí ilẹ̀ fẹ́ sí òkun, ìyẹn ló ń gbé ojú ìgbì dúró, tó ń jẹ́ kó mọ́ bí gíláàsì. Tí oòrùn bá ti mú, ilẹ̀ á gbóná, atẹ́gùn á yí padà, á máa ti òkun fẹ́ wá, láti bí aago 10 tàbí 11 lọ ẹ ó máa rí i tí omi ń di jágajàga. Ní ọ̀sán, àfi kẹ́ ẹ máa wò ó. Torí náà kùtùkùtù la fi ń lọ. Ẹni tó bá jí ní aago 9 ti pàdánù, mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ìgbà òjò, ìgbà ọ̀yẹ́, àti Ọ́gọ́ọ̀sì

Láti Épírì dé Òkítóbà ni ìgbì wa máa ń tóbi, torí ìgbà yẹn ni òtútù mú jù nísàlẹ̀ ayé, ìjì wọn ò sinmi, Júùnù sí Ọ́gọ́ọ̀sì ló sì le jù. Ó kàn bọ́ sí àsìkò òjò wa ni, òjò kọ́ ló fà á. Láti Nòfẹ́ńbà sí Fẹ́búárì ìgbì á kéré, àmọ́ á mọ́, pàápàá tí ọ̀yẹ́ bá ń fẹ́ láti àríwá lówùúrọ̀, ìgbà yẹn ni mo máa ń gba ẹni tó fẹ́ kọ́ níyànjú pé kó wá. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀yẹ́ fi burú ni eruku, ó lè bo ojú ọ̀nà omi débi pé oníbóòtù ò ní tètè rí ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ ẹ dúró ní jẹ́tì kó mọ́ díẹ̀.

Ọ́gọ́ọ̀sì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà yẹn, àwọn ọmọ ti gba ọlidé, gbogbo ayé á ní ẹ jẹ́ ká lọ sétí òkun, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ìgbì ńlá ń dé, omi náà á tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ́gọ́ọ̀sì 2012 ni omi ya wọ Kuramo Beach ní Victoria Island tó gbé èèyàn lọ. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ọ̀run kó mọ irú ẹ̀ ṣáájú, àmọ́ ẹni tó bá ń wo sẹ́kọ́ndù á ti máa fura.

Omi kíkún àti omi fífà

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, á sì máa fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́, nítorí náà tó bá kún ní aago 6 lónìí, lọ́la yóò súnmọ́ aago 7. L'Éékòó ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà ò ju bíi mítà kan lọ, ó máa ń pọ̀ tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá yọ kìrìbìtì, á dínkù tí oṣù bá di ààbọ̀.

Mítà kan yẹn kéré létí, àmọ́ ó ń yí gbogbo nǹkan padà. Ìgbì máa ń wó níbi tí omi bá jìn tó gíga ẹ̀ àti díẹ̀ lé, ìgbì mítà kan á wó níbi tí omi jẹ́ bíi 1.3. Tí omi bá kún dẹ́nu lórí yanrìn tó dà gẹ̀rẹ̀, orí yanrìn gan-an ni ìgbì máa wó sí, ọrùn èèyàn ló sì máa ń jìyà ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìgbà tí omi bá wà láàárín, tó ń kún bọ̀.

Tarkwa tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ọ̀sà Èkó ń gbà tú sínú òkun ló wà. Nígbà tí omi bá ń fà, gbogbo omi ọ̀sà ló ń já gba ibẹ̀ lọ, Sẹ̀tẹ́ńbà àti Òkítóbà tí àwọn odò òkè ti kún, ó máa ń le gan-an. Omi tó ń jáde àti ìgbì tó ń wọlé á wá forí gbárí, ìgbì á dìde ṣóńṣó, bóòtù kékeré á máa fò sókè sódò. Tí ẹ bá fẹ́ sọdá, ẹ yan ìgbà tí omi ò fà jù. Láífù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ so ó, kì í ṣe kí ẹ gbé e lé itan. Lẹ́yìn òjò ńlá náà, omi á dúdú, ìdọ̀tí gọ́tà gbogbo ìlú ló wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá ní egbò lára kó fún un ní bí ọjọ́ méjì kó tó wọ̀ ọ́.

Ẹ jókòó lórí yanrìn, ẹ kà á

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí, torí ibẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Júláì ni, ní Lighthouse, aago 7 àárọ̀. A dé, a wo omi bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ìgbì tó ń wọlé ò ju ìbàdí lọ, ó ń wó wọ́ọ́rọ́wọ́, ni mo bá gbé bọ́ọ̀dù mo kọrí sínú ẹ̀. Mo ti dé iwájú dáadáa kí n tó rí i pé ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run ti dúdú ní ìlà kan, ìlà mìíràn tún wà lẹ́yìn ẹ̀. Àkọ́kọ́ kọjá lábẹ́ mi. Èkejì wó síwájú mi gan-an, ó gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, okùn tó so ó mọ́ mi lẹ́sẹ̀ já, mo sì gbọ́ ìró bó ṣe já lábẹ́ omi, tó! Ìgbà tí mo yọ orí, ìkẹta ti wà lókè mi. Márùn-ún ni wọ́n. Nígbà tí omi fi mí sílẹ̀, mi ò sí níbi tí mo ti wọ̀ mọ́, omi ti gbé mi lọ sápá ìlà-oòrùn, òkúta mole náà kò ju bí ogún ìgbésẹ̀ lọ sí mi, mo ń rí àwọn ìṣáwùrú dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ń lúwẹ̀ẹ́ padà sílẹ̀, mi ò kúrò lójú kan. Bàbá apẹja kan tó wà lórí òkúta ló ń pariwo sí mi pé, “Má bá a jà! Jẹ́ kó gbé ẹ jáde!” Mo dáwọ́ dúró, mo léfòó, omi gbé mi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta títí mo fi kọjá ibi tí ìgbì ti ń wó, ibẹ̀ ló ti já mi sílẹ̀. Mo wá lúwẹ̀ẹ́ sápá ìwọ̀-oòrùn, mo jìnnà sí òkúta dáadáa, kí n tó jẹ́ kí fóòmù gbé mi wálé.

Bàbá yẹn ò bá mi wí. Ó bi mí pé, “Mélòó lo kà kó o tó wọ̀ ọ́?” Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó ní ìgbì ńlá kì í dá rìn, agbo ni wọ́n ń kó wá, agbo kan á wá, òkun á sinmi, ó lè sinmi tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tí mo rí tí mo pè ní òkun, ìsinmi ni.

Nítorí náà: ẹ jókòó ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n dára jù tí ápù bá ti sọ pé sẹ́kọ́ndù kọjá 13. Ẹ ka iye ìgbì tó wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fóònù wo ìṣẹ́jú tó wà láàárín agbo méjì. Ẹ má wọlé láìtíì rí agbo méjì pé. Tí ẹ bá fẹ́ wọlé, kété tí agbo kan bá parí ni.

Bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, ẹ wo nǹkan méjì míì. Èkíní, ẹ ju igi tàbí èèpo àgbọn sínú omi kẹ́ ẹ wo ibi tó ń lọ. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni omi ń ti yanrìn àti gbogbo nǹkan létí òkun wa, ìdí nìyẹn tí yanrìn fi ń pọ̀ sí i ní Lighthouse látìgbà tí wọ́n ti kó òkúta yẹn, tí Bar Beach tó wà lódìkejì sì jẹ tán, tí wọ́n fi wá mọ ògiri Eko Atlantic síbẹ̀. Ohun tó ń gbé yanrìn yẹn ló gbé èmi náà. Tí omi bá ti kan òkúta, kò ríbi lọ mọ́, á yí padà sínú agbami. Èkejì, ẹ wá ibi tí ìgbì ò ti ń wó, tí omi ti dúdú díẹ̀, tí fóòmù ń lọ síwájú dípò kó máa bọ̀. Ibi tó dà bíi pé ó rọlẹ̀ jù nìyẹn, ibẹ̀ ni àwọn òbí máa ń ní kí ọmọ ti ṣeré, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń fa èèyàn jáde. Tó bá mú yín, ẹ léfòó, ẹ nawọ́ sókè, ẹ lúwẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má kọjú sílẹ̀ ní tààrà.

Ẹ tún bi àwọn ọmọ Tarkwa tó ń gun ìgbì níbẹ̀. Ní Jánúárì 2020 wọ́n lé ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kúrò nílé wọn, ó ṣì ń dùn mí, àmọ́ àwọn kan nínú wọn kò fi ìgbì yẹn sílẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n ju ápù kankan lọ. Ẹ yá bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wọn, ẹ sanwó fún wọn kí wọ́n kọ́ yín. Wọ́n á sọ fún yín bóyá Lighthouse ló dáa lónìí tàbí inú báì: tí ìgbì bá tóbi tí Lighthouse ń wó bí ògiri, òkúta á ti gba èyí tó pọ̀ nínú agbára ẹ̀ kó tó dé Tarkwa, á ṣeé gùn, tó bá kéré, Tarkwa á dà bí omi inú abọ́, Lighthouse ni kẹ́ ẹ lọ.

Tí ẹ bá ti wà nínú omi

Ọ̀run tún wá ṣe pàtàkì níbí, torí mànàmáná. Máàṣì sí Máyì, àti Sẹ̀tẹ́ńbà sí Nòfẹ́ńbà, ìjì tó le jù láti ìlà-oòrùn ló ti ń wá, ìyẹn apá Lẹ́kkí àti Ajah tí ẹ bá wà ní Tarkwa. Ẹ ó rí i tí ìkùukùu dúdú pọ̀ lápá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ dákẹ́, ooru á mú, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ tútù kan á kàn gbá yín lójú lójijì. Tí ẹ bá ti rí ìkùukùu yẹn, ẹ jáde, ẹ má dúró de afẹ́fẹ́ tútù. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ kà títí ààrá á fi sán: sẹ́kọ́ndù mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá tó 30, ó ti súnmọ́ jù. Ẹ dúró lórí ilẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó ronú àtipadà, kì í sì í ṣe abẹ́ igi àgbọn lẹ ó dúró sí o.

Ẹ mú igi tàbí ilé kan lórí ilẹ̀ bí àmì, kẹ́ ẹ máa bojú wò ó ní gbogbo ìṣẹ́jú díẹ̀, tó bá ti ń sún, omi ló ń gbé yín lọ. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn, oòrùn orí omi máa ń bó awọ dúdú náà. Ẹ má dá wọlé. Ẹ jáde nígbà tí apá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, kó tó rẹ̀ yín pátápátá, torí agbo tó máa yọ yín lẹ́nu lè wà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.

Kí ẹ sì ti bá oníbóòtù ṣàdéhùn láàárọ̀ pé kó padà wá gbé yín kí aago 1 tó lù, kí atẹ́gùn ọ̀sán tó gba ojú omi, kẹ́ ẹ fi wákàtí tí omi máa fà hàn án lórí fóònù yín, òun náà á fẹ́ mọ̀ ọ́n.